Àlejò Tí Kò Jẹun

Lábẹ́ èèpo igi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló wà, ó ká kò bí òṣùká tí alárù sọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó wò kò ní rí orí rẹ̀, torí àárín gbùngbùn ló tọ́jú rẹ̀ sí, tó sì fi ìyókù ara ṣe odi yí i ká. Dúdú ni, àmọ́ dúdú náà kò dọ́gba: àmì ńláńlá aláwọ̀ ilẹ̀ pupa tú ká sí i lára láti ọrùn dé ìrù, òmíràn ní ẹ̀kán dúdú kan láàárín, òmíràn ní méjì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti ihò imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gba ojú kọjá, ó sì parí sí ẹ̀yìn orí. Tó bá mí, ìhà rẹ̀ á wú díẹ̀, á tún sọ̀. Láàárín èémí kan sí èkejì, èèyàn lè rò pé ó ti kú.

Erè ni. Nínú gbogbo erè tó wà ní Áfíríkà, irú èyí ló kéré jù. Àgbà rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, èyí tí mò ń sọ yìí kò sì tíì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Royal python ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ball python, nítorí bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bu ni jẹ, ńṣe ló máa ń ká roboto tí á fi orí pamọ́. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀ gan-an, láti Sẹ̀nẹ̀gàl lọ títí dé Ùgáńdà, nínú ihò eku àti òkìtì ikán. Láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o lọ sí òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọdẹ á wú abo tó lóyún jáde nínú ihò, wọ́n á gbé e lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń sìn ín, á yé síbẹ̀, wọ́n á dúró kí ẹyin là, wọ́n á kó àwọn ọmọ náà sínú àpò aṣọ, ó di ọkọ̀ òfurufú. Lóde òní àwọn òyìnbó ti ń sìn ín fúnra wọn, wọ́n tilẹ̀ ń mú oríṣiríṣi àwọ̀ tí ọ̀dàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ jáde lára rẹ̀. Ọwọ́ Bob Clark ní Amẹ́ríkà ni àfín àkọ́kọ́ tí wọ́n sìn nílé ti jáde ní 1992. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹyin ti èyí tí mò ń wò yìí ti là. Kò fi ikùn kan ilẹ̀ Áfíríkà rí, ṣùgbọ́n ara ọ̀dàn ló ṣì gbé wọ̀.

Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 17, ló fi owó iṣẹ́ ìsinmi rà á. Ìyá wa tó wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn kò dá sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Okùn yẹn, ṣé ẹ dé e dáadáa?" Láti ìgbà náà, bí alẹ́ bá ti lẹ́, okùn ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan ọmọ náà tí Yorùbá rẹ̀ kò délẹ̀.

Wíwọlé tí ejò wọlé kọ́ ni wàhálà. Ejò ò jẹun. Nílé tí wọn kì í ti í bi àlejò bóyá ebi ń pa á kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́kọ́ fi gègé lé e pé òun àti ejò ò ní sùn sábẹ́ òrùlé kan náà ló wá di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

"Ó ti jẹ?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Kí ni wọ́n ń fún un níbi tó ti wá?"

Ẹni tó tà á kọ ọ́ sínú ìwé: eku kan lọ́sẹ̀, kì í sì í kọ̀ ọ́. Irú eku kan náà ni wọ́n rà fún un níbí, ìwọ̀n kan náà. Kò fẹnu kàn án.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n inú èèyàn lòwe yẹn ń bá wí. Ti erè yàtọ̀: bí ẹ̀rù bá ti wọnú rẹ̀, ìta ni ebi á dúró sí. Ẹranko tí ooru ara rẹ̀ ń ti ìta wá, tí kì í sáré lọ síbì kan, tó lè gbé ẹran kan mì kó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi lé e lórí, kí ló ń kán an lójú? Akọ tó ti dàgbà lè gbààwẹ̀ oṣù mélòó kan kí ó má sì rù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun kò tíì mọ ibi tí ewu lè gbà yọ. Òórùn ibẹ̀ ṣàjèjì. Kò ní etí tó hàn síta, ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé gbàgà, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀sì tó kọjá ní títì. Ejò tí eku wà lọ́fun rẹ̀ kò lè bu ọ̀tá jẹ, kò sì lè sá. Kí ó tó jẹun, ó ní láti dá a lójú pé kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ òun náà.

Ọmọ náà mọ èyí, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ó ní ọ̀lẹ ni. Kì í gbé ejò náà. Kì í ṣí àpótí rẹ̀ àfi bó bá fẹ́ pààrọ̀ omi. Ó fi páálí dúdú bo ìdajì gíláàsì iwájú. Ibi ìsápamọ́ méjì ló ṣe, ọ̀kan níhà tó gbóná, ọ̀kan níhà tó tutù, kí ejò má baà di ẹni tó ń yan láàárín ooru àti ààbò. Méjèèjì há, nítorí erè fẹ́ kí ògiri kan òun lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ooru ìhà kan wà láàárín 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti ìhà kejì jẹ́ 25 tàbí 26, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ṣọ́ iná tó ń mú un gbóná, tó ń pa á bó bá ti fẹ́ kọjá ààlà. Bí ibẹ̀ bá tutù jù, oúnjẹ kò ní dà nínú ejò, yóò sì bì í.

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Lẹ́yìn ìpàdé tó le, ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ǹda dúrọ́wà ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fírísà. Òkè rẹ̀ ni òkú Èkó àti ṣàkì, òkè ìyẹn ni ewédú tí wọ́n ti já. Inú dúrọ́wà náà ni àwọn eku funfun tò sí, wọ́n le gbagidi nínú ọ̀rá, eyín wọn hàn, etí wọn lẹ̀ mọ́ orí. Abọ́ tí wọ́n fi ń yọ́ wọn ní ìlà pupa lára. Ẹni tó bá ṣèèṣì bu gààrí sí i, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, òun ló fà á.

Láti àárọ̀ ni ọmọ náà ti gbé eku kan sọ̀kalẹ̀ sínú fíríìjì kí ó lè yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó kó o sínú ọ̀rá mìíràn, ó so ẹnu rẹ̀ pa, ó sì rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi híhó kọ́, torí ìyẹn á se awọ ikùn, ikùn á sì bẹ́. Maikirowéèfù kọ́ rárá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn eku náà láti orí ọ̀rá, ó ní yìnyín ṣì wà nínú, ó pààrọ̀ omi. Ìyá wa jókòó ti tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n, ó ń wò ó. Nígbà tí eku ti rọ̀ dé inú, ó fi bébà nù ún gbẹ, ó mú diráyà tí ìyá rẹ̀ ti pa tì, ó sì ń fẹ́ ẹ sí orí eku náà, sí orí nìkan, títí ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru fi kọ 38. Ìyá wa bi í pé, ara ńkọ́? Ó ní, "Orí ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bá pàdé, Ìyá àgbà."

Ìdí ni pé lóru, ètè ni erè fi ń dọdẹ. Ihò wẹ́wẹ́ tò sí ètè òkè rẹ̀, ẹ ó rí wọn bí ẹ bá sún mọ́ ọn, wọ́n sì ń gba ooru tó ń jáde lára ohun ẹlẹ́mìí. Láàárín òkùnkùn biribiri, ibi tó gbóná jù ló máa gbá mú. Eku tútù kò yàtọ̀ sí igi àti òkúta fún irú ètè bẹ́ẹ̀. Ahọ́n ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́. Ó ń yọ, ó ń wọlé, òórùn ló ń kó nínú afẹ́fẹ́ lọ fún ihò méjì tó wà ní àjà ẹnu.

Mo rí bí ejò ṣe ń kọ oúnjẹ. Ọmọ náà fi ẹ̀mú gígùn di eku mú níbàdí, ó gbé e sí ẹnu ibi ìsápamọ́, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Orí jáde. Ahọ́n yọ, ó dúró, ó tún yọ. Ọrùn wá wọ́ sẹ́yìn, ó sì tẹ̀, mo sì rò pé ìmúra nìyẹn. Ọmọ náà mi orí: èyí tó fẹ́ jẹ kì í mójú kúrò. Èyí mójú kúrò. Ó fi àgbọ̀n gba ara rẹ̀ kọjá, ó sì kó orí padà sínú ká. Ọmọ náà fi eku sílẹ̀ níbẹ̀, ó pa iná, gbogbo wa jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eku ṣì wà níbi tó wà, awọ ikùn rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé. Inú ìdọ̀tí ló lọ, torí èyí tó ti yọ́ kì í padà sínú fírísà.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí wọ́n gbé òmíràn fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ìyá wa ní àbá tirẹ̀. "Ṣé ẹ ò lè rọ ọ́ ni?" Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ara wa, torí ọwọ́ rẹ̀ la ti jẹ rírọ: a sùn sórí itan, àtẹ́lẹwọ́ kan wà lábẹ́ àgbọ̀n, ó di imú, àgbo sì mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ọmọ náà fi sùúrù dá a lóhùn pé wọ́n ń rọ ejò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ẹranko ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ, nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Eyín erè tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó ń kán. Ọ̀fun rẹ̀ lè ya. Èyí tí wọ́n bá sì fi tipá ki nǹkan bọ̀ lẹ́nu lè túbọ̀ máa bẹ̀rù oúnjẹ. Ó ti wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ tó dé. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n náà bá lọ, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Títí dìgbà náà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ sì ga.

Ní Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀, irú erè yìí gan-an ló kún ilé òrìṣà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Àwọn ẹlẹ́sìn Vodun ń bọ̀wọ̀ fún un, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gbé e kọ́rùn ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò le níbẹ̀ rárá: wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn erè náà jáde lóru lọ ṣọdẹ fúnra wọn, ará àdúgbò tó bá sì bá ọ̀kan nínú yàrá rẹ̀ á rọra gbé e padà. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ejò ló gba iṣẹ́ ọdẹ ṣe fún un, tó wá ń fi ẹ̀mú jó òkú eku kí ó lè jọ alààyè.

Kí ló dé tí kì í kúkú fún un ní alààyè? Òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2006 kò fàyè gba kí èèyàn fi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹran, ọ̀pọ̀ sì ti tìtorí rẹ̀ yàgò fún eku alààyè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eku náà léyín. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ibì kan pẹ̀lú ejò tí kò fẹ́ jẹun, ejò ló máa ń gbọgbẹ́.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ń sin erè ń dá fún olóríkunkun pọ̀. Àwọn kan á gbé òun àti eku sínú páálí kékeré kan di àárọ̀. Àwọn kan á lu orí eku náà ní ihò kí òórùn ọpọlọ lè jáde, èyí tó rí mi lára. Àmọ́ Ìyá wa ló mú èyí tó wù mí jù wá, láìmọ̀. Ó ní lóko bàbá òun, irú okùn yìí ló ń jí òròmọdìyẹ gbé, kì í ṣe eku nìkan. Ojú ọmọ náà là. Ní 1998, Luca Luiselli àti Francesco Angelici tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú erè yìí nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà: àwọn akọ kéékèèké ń jẹ ẹyẹ gan-an, àwọn abo ńlá ló ń lé eku. Akọ ni ti ilé yìí, ó sì kéré. Kí àárọ̀ tó lọ, ọmọ náà ti dé òpópónà Rye Lane, ó ń wá ìyẹ́ adìyẹ kó lè fi pa eku lára. Àwọn alápatà tó ń ta bọ̀kọ́tọ̀, pọ̀nmọ́ àti adìyẹ líle wò ó lókè wò ó nílẹ̀. Adìyẹ ti bọ́ ìyẹ́ kó tó dé Peckham. Awọ ló gbà bọ̀.

Kò rí i lò. Nígbà tó máa fi yẹ ejò náà wò, ojú rẹ̀ kò dúdú mọ́, ó ti di funfun tó ní búlúù nínú. Àmì ara rẹ̀ ti ṣú, ikùn rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ọmọ náà yọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: ejò fẹ́ bọ́ awọ. Erè kò ní ìpéǹpéjú, ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara ló bo ojú rẹ̀, ìpẹ́ náà á sì bọ́ pẹ̀lú ìyókù. Kó tó bọ́, omi á wọ àárín awọ àtijọ́ àti tuntun, ojú á fọ́ fún ìgbà díẹ̀, ejò tí kò ríran kì í sì í fẹ́ jẹun. Bóyá ohun tó ń ṣe é bọ̀ nìyẹn, bóyá ẹ̀rù, bóyá méjèèjì. Iṣẹ́ tó kù kò ju kí wọ́n wọ́n omi sínú àpótí kí ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀ sí i, kí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀. Awọ náà bọ́ lódindi, láti ètè dé ìrù, inú rẹ̀ yí síta, ìpẹ́ ojú méjèèjì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e síwájú fèrèsé, ó ń fi ìka tọ àmì tó wà lára rẹ̀. Ìyá wa ní kí wọ́n má jù ú nù. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Lálẹ́ ọjọ́ tó jẹun, eku kò tíì dé ẹnu ibi ìsápamọ́ tí orí ti jáde. Ahọ́n ń yọ lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà, ó dáwọ́ dúró. Ọrùn ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣe kọ́lọ́kọ́lọ́, ojú kò kúrò lára eku. Mo ń ṣọ́ ìgbà tó máa ta, mi ò sì rí i nígbà tó ta. Ohun tí mo rí ni pé eku ti kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, orí rẹ̀ wà lẹ́nu ejò, ara ejò ti wé e yípo. Ọmọ náà fi ẹ̀mú fa ìrù eku náà díẹ̀, ejò sì fún un mọ́ra sí i.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé àìlèmí ló ń pa ẹran tí irú ejò bẹ́ẹ̀ bá wé. Ní 2015, Scott Boback àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dickinson College ní Amẹ́ríkà wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eku tí ejò boa wé, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣíwọ́ lílọ bíbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Fún òkú inú fírísà, kò sí ìyàtọ̀. Ejò náà ṣì di tirẹ̀ mú pẹ́ títí, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ sí mi létí pé, "Kí ló tún ń dúró dè?"

Ó tú u. Ó ń fi imú wá orí eku náà kiri, torí láti orí ló máa ń fẹ́ gbé e mì, kí irun àti ẹsẹ̀ lè sùn sẹ́yìn. Ó ya ẹnu. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: apá ọ̀tún àti apá òsì kò dì mọ́ra níwájú, iṣan tó ń nà ló so wọ́n. Apá ọ̀tún á sún síwájú, á fi eyín kọ́ awọ eku, á fà. Apá òsì á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹnu náà ń rìn lórí eku. Awọ ọrùn nà títí ẹran ara funfun fi hàn láàárín ìpẹ́ kan sí èkejì. Ní ìsàlẹ̀ ẹnu, ihò kékeré kan yọ síta, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ihò èémí rẹ̀ ni, ó tì í síwájú kí eku má baà sé e mọ́. Èjìká wọlé, èyí tó ṣòro jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀lé e, ó ku ìrù, ìrù lọ. Ejò gbé orí sókè, ó yán lẹ́ẹ̀mejì, ó ń to àgbọ̀n rẹ̀ padà sípò.

"Ó jẹ ẹ́ o!" Ọmọ náà fi ìka lé ètè, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti wà lórí fóònù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìbàdàn àti Houston ti gbọ́ pé okùn ti jẹun.

Ejò náà wọ́ lọ síhà tó gbóná, ibì kan wú láàárín ara rẹ̀. Wọn kò ní gbé e fún bí ọjọ́ méjì, kó má baà bì í. Iṣẹ́ ńlá ń lọ nínú irú ara bẹ́ẹ̀: lára erè Burma tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò ní 2005, ọkàn rẹ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ náà kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n eku sínú ìwé.

Ìyá wa bi í pé, "Ọdún mélòó ni okùn yìí ń lò láyé?"

"Ogún, ọgbọ̀n ọdún, Ìyá àgbà. Ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó yé ẹyin ní 2020."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ni ọmọ yìí ń lọ sí yunifásítì. "Ta ló wá máa bọ́ ọ?"

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ìyá tiwa.

"Ẹ má wò mí o," ni Ìyá wa wí. "Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń padà sí Ìsẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ pòṣé, ó wá ní ó dáa, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń fẹ́ diráyà sí orí eku han òun nígbà tó bá tún kan oúnjẹ. Kí wọ́n má ṣe mú diráyà tuntun.